Mi Ò Gbàgbé, Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Fi Í Sílẹ̀ Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àwọn nọ́ọ̀sì, àti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí wọ́n máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti gé e kúrú níbi tí àwàdà mi ti pọ̀ jù, mo sì ti fi díẹ̀ kún un níbi tí àwọn èèyàn ti bi mí léèrè.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ẹ̀yin ọmọ Ajílété lápapọ̀, ẹ ò ní ṣàárẹ̀ o. Ẹ bá mi di gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn mú, a ó padà sídìí ẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí aláìsàn àti ará ìlú máa bá àwọn olùwádìí jókòó nígbà tí wọ́n bá ń fi ètò sí ìwádìí ìlera. Ìjẹ́wọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà láti máa gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè kiri fún ìwádìí kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Fọ́ọ̀mù náà tó ojú ewé mọ́kànlá. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n fún wa ní bírò, wọ́n ní ká lọ. Ọjà Tàkie ni wọ́n pín mi sí. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́, mo kí wọn, wọ́n ní kí n fìdí lé àpò ẹ̀lùbọ́ tó wà nílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀. A dé ibi ìbéèrè kan tó ní: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbàgbé láti lo oògùn yín?"

Ìyá ní, "Mi ò gbàgbé rárá."

Mo kọ òdo. Mo wọn ìfúnpá wọn: 178 lókè, 104 nísàlẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà. Ẹ wo nǹkan tí mo ṣe. Lórí bébà, mo ti kọ ìtàn obìnrin kan tó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ tí oògùn ò sì ràn án. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn lọ́jọ́ iwájú á sọ pé oògùn ò gbọ́ ti irú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará ibí, ká wá oògùn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo ń kó ẹrù mi ni ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, o ò bi mí bóyá mo lò ó. O bi mí bóyá mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni."

Mo tún jókòó. Wọ́n ní oògùn náà, bí àwọn bá ti gbé e mì láàárọ̀, àwọn á tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ jìnnà sí ìsọ̀ wọn, owó ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n máa san án. Bí wọ́n bá dìde, ta ló máa ṣọ́ ẹ̀lùbọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ ra ọjà lọ́nà Ìgbẹ́tì wá burú jù, torí kò sí dẹ́rẹ́bà tó máa dúró lẹ́ẹ̀mẹfà nítorí ìtọ̀ ẹnìkan. Nítorí náà, ọjọ́ Sunday nìkan ni ìyá ń lo oògùn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ìṣègùn mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Oògùn tó ń fa omi jáde lára wà lára èyí tí à ń kọ́kọ́ kọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ó dára, kò wọ́n, ó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ló lé ìyá sá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà fún ẹni tó gbà wá síṣẹ́. Ó gbọ́ mi dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó ní fọ́ọ̀mù ti gba òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí, pé bí a bá fọwọ́ kan gbólóhùn kan ṣoṣo, a ó tún kọ̀wé padà sí wọn, a ó dúró, àkókò ò sì sí. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, tí à ń bi gbogbo ọjà léèrè bóyá wọ́n gbàgbé. Mo kọ òdo tí mi ò mọye ẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rí ìwádìí tó ní àwọn èèyàn wa "ń lo oògùn wọn déédéé," mo máa ń ronú nípa àpò ẹ̀lùbọ́ yẹn.

Bí ẹnìkan bá ti pe ìyá yẹn, àní ìyá yẹn nìkan, sí ìpàdé kí fọ́ọ̀mù tó gba òǹtẹ̀, wàhálà ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbá jẹ́. Gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù, àlàyé ni.

Ẹ má jẹ́ ká da nǹkan mẹ́ta pọ̀ mọ́ra wọn. Bí mo bá gba ẹ̀jẹ̀ lára yín fún ìwádìí, ẹ wà nínú ìwádìí. Bí mo bá gbé gbohùngbohùn wá sójúde yín láti ṣàlàyé ìwádìí tí mo fẹ́ ṣe, mo ń kéde fún yín. Ẹ̀kẹta ni mo ń sọ: kí ẹ bá mi jókòó nígbà tí n kò tíì kọ nǹkan kan, kí a jọ pinnu ohun tí a fẹ́ mọ̀, irú ẹni tí a ó bi, ọ̀rọ̀ tí a ó fi bi í, àti ohun tí a ó kà sí ìwòsàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1996 ni ìjọba wọn ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé ká bá ará ìlú ṣe ìwádìí, tàbí kí ará ìlú fúnra wọn ṣe é, dípò ká máa ṣe é lé wọn lórí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ nínú ọkàn ẹ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òótọ́ ni, àmọ́ òwe yẹn ò tó wa mọ́. Nínú ìwádìí ìlera lónìí, olórí máa ń wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó ti fọwọ́ síwèé, a ti da aṣọ bò ó láyà. Kò kàn sẹ́ni tó bi í irú gẹ̀ẹ́ tó fẹ́ ni. Onígbàjámọ̀ tó wà létí títì Òwódé máa ń béèrè pé ṣé ká gé e mọ́lẹ̀ ni àbí ká dá a sí lókè. Àwa tí a kàwé ọdún méje kì í béèrè.

Ẹ ó rántí pé mo ní ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Kí ni àárẹ̀? Bí èèyàn bá ṣiṣẹ́ títí tó rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ mú un nìyẹn. Bí èèyàn bá ṣàìsàn, àwọn àgbà wa kì í fẹ́ pe àìsàn ní gbangba, wọ́n á ní "ó ṣàárẹ̀ díẹ̀." Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó dá èdè yìí sílẹ̀ ti mọ̀ pé kó máa rẹni wà lára àìsàn fúnra ẹ̀.

Oríṣi làkúrègbé kan wà tí ara fúnra ẹ̀ máa ń gbógun ti oríkèé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan ń ṣiṣẹ́ fún un, wọ́n á ka iye oríkèé tó wú, wọ́n á ka iye tó ń dunni, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ àgbáyé kan wà tó máa ń pàdé láti fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kí gbogbo ìwádìí làkúrègbé máa wọ̀n, OMERACT ni wọ́n ń pè é. Ní 2002, wọ́n pe àwọn aláìsàn sí ìpàdé náà. Àwọn wọ̀nyí jókòó, wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń kà sílẹ̀, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ níbo lẹ kọ ọ́ sí pé ó ń rẹ̀ wá? Wọ́n ní ìrora ṣeé fara dà lọ́jọ́ mìíràn, pé rírẹ̀ tí oorun kì í wò ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn, tó sì sọ àwọn di ẹni tí kò lè gbé ọmọ wọn. Kò sí i nínú fọ́ọ̀mù kankan. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi kún ohun tó yẹ kí gbogbo ìwádìí lórí àrùn náà máa wọ̀n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Ìyá àgbà kan ní Ìkòyí-Ilé ìbá ti sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa o: bí ìyá yẹn bá wá sí kíníìkì wa, tó ní "Dókítà, ó kàn ń rẹ̀ mí ṣáá ni," kí là ń kọ sínú káàdì? A kì í kọ nǹkan kan. A ó ní kí wọ́n lọ sinmi.

Owó tó ń ṣòfò níbẹ̀ kò kéré. Ní 2009, àwọn olùwádìí méjì, Iain Chalmers àti Paul Glasziou, ṣírò ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Ìṣirò wọn ni pé nínú 100 náírà tí ayé ń ná sórí ìwádìí ìṣègùn, nǹkan bíi 85 ló ń ṣòfò, òfò tí a sì lè dènà ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí ni pé ìbéèrè tí a ń béèrè kì í ṣe èyí tó kan aláìsàn àti dókítà tó ń tọ́jú wọn. Chalmers kan náà wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2004 tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti kó aláìsàn, olùtọ́jú wọn nílé, àti àwọn oníṣègùn jọ sínú yàrá kan, kí wọ́n jọ jiyàn títí wọ́n á fi mú ìbéèrè mẹ́wàá tó ká wọn lára jù. Wọ́n fi orúkọ James Lind pè é, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi tó fi ọsàn wo àwọn atukọ̀ sàn ní 1747. Mo fẹ́ràn apá tí wọ́n ti ń jiyàn yẹn. Ìpàdé tí gbogbo èèyàn ti ń mi orí kò ì dé ibi tí à ń lọ.

Ẹ má rò pé nǹkan òkè òkun ni. Nítòsí wa níbí, ní Ìbàdàn, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé fẹ́ ya àwòrán bí àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, láti 2002, Yorùbá wà lára ẹ̀yà tí wọ́n yàn. Bàbá, ìyá àti ọmọ, ọgbọ̀n ìdílé, àádọ́rùn-ún èèyàn. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ kankan, wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Orúkọ tí wọ́n sì fọwọ́ sí láti máa fi pe ẹ̀jẹ̀ náà káàkiri ayé kì í ṣe "Yorùbá" lásán, "Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn" ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ohun tó bá jáde lára àádọ́rùn-ún èèyàn ní ìlú kan ni gbogbo ọmọ Oòduà. Mo rí i pé inú yín dùn. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa gbà kí ará Ìbàdàn dúró fún òun.

Ìwádìí nípa ìgbàgbé arúgbó tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn kan náà, láti 1992, kọ́ wa ní òmíràn. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ló jọ ṣe é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí o bá fi ìdánwò òyìnbó bi bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí kò mọ̀wé rí, tó o ní kó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tàbí kó ya àwòrán, á kùnà, o ó sì sọ pé ó ti ń ṣarán. Nítorí náà, wọ́n lo ìdánwò tí kò gba kíkà àti kíkọ, wọ́n sì ń bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé: ṣé ó ṣì ń rántí ibi tó tọ́jú owó sí? Ṣé ó máa ń ṣìnà lọ sílé? Ará ilé ló mọ̀, dókítà ò lè mọ̀.

Sòbìà ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́. Aràn gígùn kan ni, inú omi tí èèyàn bá mu ló ti ń wọ ara. Nígbà tí wọ́n ka sòbìà láti abúlé dé abúlé ní Nàìjíríà ní 1988, ó lé ní 650,000 èèyàn. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń pa á lára. Ọdún kan ló máa ń lò nínú ara kó tó yọ lẹ́sẹ̀, nígbà tó bá sì máa yọ, ó lè jẹ́ ìgbà tí iṣẹ́ oko ń dúró deni. Ní Ìdèré, ní Ìbàràpá tó wà ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ọ̀pọ̀ gbà pé inú ara kálukú ni sòbìà ti wà látọjọ́ tó ti dáyé. Bí o bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú pátákó tó ní "Ẹ Máa Se Omi Mu," wọ́n á kí ọ dáadáa, wọ́n á fún ọ lómi odò náà mu. Àwọn tó yege ni àwọn tó kọ́kọ́ jókòó láti mọ ohun tí àwọn èèyàn gbà gbọ́ àti bí wọ́n ṣe ń pọn omi, tí wọ́n sì yan ọmọ abúlé fúnra ẹ̀ láti máa ka aláìsàn, kó máa fi aṣọ sẹ́ omi. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, 2013 ni wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán.

Kánò wà, mo sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ kẹ́ẹ tó bi mí. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn gbòde níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer fi oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọdé. Nǹkan bíi igba ọmọ ló wà nínú ìwádìí náà, mọ́kànlá kú, àwọn òbí kan sì ní àwọn ò mọ̀ pé ìwádìí ni. Ẹjọ́ ẹ̀ gùn títí di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba Kánò tó parí ẹ̀. Nígbà tó di 2003 tí wọ́n gbé àjẹsára rọpárọsẹ̀ dé, tí Kánò ní àwọn ò gbà, gbogbo wa ń pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Èmi ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìlú yìí ti ń rí dókítà. Láti 1907 tí Dókítà George Green ti dé sí ọ̀dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi, àwọn ìdílé kan wà níbí tí ìyá-ìyá wọn ti ní káàdì ọsibítù. Lónìí, ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì ló wà nínú ìlú kan ṣoṣo, ti Bowen àti ti LAUTECH. Ọlá ni. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwádìí tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gboyè, gbogbo wọn ló sì mọ ọ̀nà ọjà Jagun. Mo kí ìyá kan nílé báyìí, kó tó dá mi lóhùn, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Mo ní èmi kọ́. Ó ní, "Ẹ jọ ara yín."

Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí ti kọ́ wa ní ìwà kan tó ń ba ìwádìí jẹ́: a ò kí ń já dókítà níyàn. "Ẹ ṣé gan-an, dókítà, ó ti ń lọ sílẹ̀." Kò lọ síbì kankan o, ẹ̀kọ́ ilé la fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, ẹ má pe aláìsàn wá sí ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ wọ kóòtù funfun tì í, kẹ́ ẹ wá bi í pé kí lèrò rẹ̀.

Ẹ má sì pe Baálẹ̀ nìkan. Mo bọ̀wọ̀ fún Baálẹ̀, n kò sì ní wọ abúlé kan láìkọ́kọ́ lọ kí wọn. Ṣùgbọ́n kíkí lọ̀tọ̀, ìmọ̀ràn lọ̀tọ̀. Nígbà kan tí a fẹ́ ṣètò nǹkan lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, a pe gbogbo èèyàn sábẹ́ igi máńgòrò kan, ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn. Wákàtí kan gbáko, àwọn ọkùnrin ló sọ̀rọ̀. Ìyàwó wo ló máa dìde níwájú bàbá ọkọ ẹ̀ láti sọ pé òun ti ń gba abẹ́rẹ́ láìjẹ́ kí ọkọ òun mọ̀? Lẹ́yìn tí a túká, mo lọ bá àwọn obìnrin nídìí ìkòkò gaàrí. Ibẹ̀ ni ìpàdé gangan ti wáyé.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ìwádìí mìíràn ni, lẹ́yìn ti Tàkie. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti gbọ́n díẹ̀, ẹni tí mo sì ń bá ṣiṣẹ́ gbà fún mi. A kó ẹlẹ́jẹ̀ ríru mẹ́jọ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹnìkan, a gbé ìwé ìyọ̀ǹda sílẹ̀, a ní kí wọ́n bá wa wò ó. Oògùn méjì la fẹ́ fi wéra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe dókítà ló máa yan ẹni tó máa gba èyí tàbí èyí, kí ó má baà fi oògùn tuntun fún àwọn tí ara wọn le. Ẹni tó túmọ̀ ìwé náà fún wa kọ ọ́ pé: "A ó pín yín sí ọ̀nà méjì láìtẹ̀lé ìlànà kankan."

Mo kà á tán, gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá kan tó ti fìgbà kan rí jẹ́ tíṣà ní, "Ẹ̀yin dókítà. Ẹ máa pín wa. Láìtẹ̀lé ìlànà." Ó pín in sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú. Mo ní kọ̀ǹpútà ló máa yàn. Wọ́n ní ta ni ó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣé ó mọ̀ wọ́n rí ni?

Ìyá kan tó máa ń darí èésú àwọn aláṣọ ló gbà wá sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ dákẹ́, mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Tá a bá dá èésú, tí gbogbo wa fẹ́ kó o lákọ̀ọ́kọ́, kí là ń ṣe? A ó kọ nọ́ńbà sí bébà, a ó ká a, a ó dà á sínú igbá, kálukú á mú tiẹ̀. Èmi tí mò ń darí ò mọ ẹni tó máa mú oókan. Kì í ṣe pé kò sí ìlànà o. Ìlànà ẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yàn."

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti jókòó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀. A fa igi lé gbólóhùn àkọ́kọ́, a kọ ti ìyá sí i.

Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí a gbà tán o. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ní oògùn oníhóró kì í tètè ràn. A ní rárá, a sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀. Àwa náà ní ohun tí a fẹ́ tí wọ́n kọ̀: a fẹ́ kí ọ̀wọ́ kan máa lo oògùn tí kò lóògùn nínú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bàbá tíṣà yìí ní, "Èmi tí ẹ̀gbọ́n mi ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ látàrí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí n máa gbé ẹ̀kọ mì?" Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ò bá a jà. Ibi tá a parí ẹ̀ sí ni pé gbogbo èèyàn á máa lo oògùn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí a fẹ́ dánwò la ó fi kún un fún apá kan. Ìwádìí náà kò burú fún un rárá, ó sì rọ àwọn èèyàn lọ́rùn láti wọ inú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àsọgùn. Òǹtajà tí ẹ bá pè kúrò nídìí ọjà ẹ̀, ẹ san owó ọkọ̀ ẹ̀, ẹ san owó ọjọ́ ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá sí ìpàdé kan náà ń gba owó oṣù. Àwọn òyìnbó ti ní iye tí wọ́n ń san fún un. Ohun tí àwa ń fún wọn ni bisikíìtì. Ẹ má sì pè wọ́n lọ́jọ́ ọjà.

Bàbá kan ló gbé ọwọ́ sókè lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ò ní ìbéèrè, gbèsè làwọn ní. Wọ́n ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn fún ìwádìí nínú ìlú yìí, kò sì sí ẹnìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó padà wá sọ ohun tó rí níbẹ̀. "Ṣé ẹ fi se ọbẹ̀ ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Mo dá wọn lóhùn pé ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn lè jẹ́ tèmi, mo sì gba nọ́ńbà fóònù wọn. Nǹkan bíi ṣíbí ìrotíì kan ni ẹ̀jẹ̀ tí à ń gbà, kò pọ̀, àmọ́ bí o bá yá ṣíbí kan iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, o ó padà wá kí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní òun fẹ́ mọ̀ ìgbà tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ pe àwọn aláìsàn. Mo bi í bóyá ó ti ní àkọlé iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá òun ti fọwọ́ sí i. Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kó pè wọ́n lọ́la.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tuntun, mo sì ti fi tìgboyà-tìgboyà tún ìbéèrè wa kọ. Kò sí "gbàgbé" níbẹ̀ mọ́. Ó ní: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ọjọ́ mélòó lẹ ò lo oògùn yín, kí ló sì fà á?" Mo tún fi ọ̀kan sí i pé: "Èló lẹ ń san ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà?" Mo kà á sí wọn létí, mo ń retí kí wọ́n kí mi.

Ìyá ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀lùbọ́ tó dà sílẹ̀ jọ. Wọ́n ní, "Ìtọ̀ ni mo sọ fún ẹ, ìgbọ̀nsẹ̀ lo wá kọ. Owó wọn ò dọ́gba."

Mo mú bírò, mo jókòó padà sórí àpò ẹ̀lùbọ́.